Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Sẹ́ẹ̀lì Lórúkọ

Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní ACKR1. Duffy ni àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, torí pé ara aláìsàn kan tó ń jẹ́ Duffy ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ipa rẹ̀ ní 1950. Ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí ọmọ Yorùbá tí lẹ́tà kan kò yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì yìí: níbi tí T wà nínú DNA ọ̀pọ̀ òyìnbó, C ló wà nínú tiwa. Ìyípadà náà kò ba jíìnì fúnra rẹ̀ jẹ́. Ibi tí purotéènì kan tó ń jẹ́ GATA1 máa ń dì mú kó tó lè mú jíìnì náà ṣiṣẹ́ ló bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa ni GATA1 ti ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, nínú ara ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní ACKR1 rárá, ṣùgbọ́n awọ inú àwọn iṣan kéékèèké tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn ń ṣe é lọ ràì, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Kòkòrò ibà tó ń jẹ́ Plasmodium vivax, ẹnu ọ̀nà Duffy yìí ló máa ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. (Ẹ má tíì yọ̀: kòkòrò ibà mìíràn, falciparum, tó ń pa wá lọ́mọ, kò nílò ẹnu ọ̀nà yẹn ní tirẹ̀.)

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nínú ọ̀rọ̀ Duffy ni pé DNA nìkan kò tó láti sọ irú sẹ́ẹ̀lì tí a ń wò. Bí ẹ bá ka DNA inú iṣan ẹ̀jẹ̀ mi, tí ẹ sì ka ti inú mùdùnmúdùn egungun mi, lẹ́tà kan náà lẹ máa bá níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì inú ara àgbàlagbà tó nǹkan bíi tíríliọ̀nù 37. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó, tó ti ju DNA tirẹ̀ nù, jíìnì bíi 20,000 kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn láti fi ṣe purotéènì. Ohun tó sọ ọ̀kan di sẹ́ẹ̀lì ọkàn, tó sọ òmíràn di sẹ́ẹ̀lì ojú, ni èyí tí kálukú ń lò àti èyí tó pa tì. Jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì bá ń lò, á máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní RNA, ẹ̀dà yẹn ni wọ́n sì fi ń mọ purotéènì. Ẹni tó bá lè ka ẹ̀dà RNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ti mọ iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà dáwọ́ lé ní wákàtí yẹn.

Kí èyí tó ṣeé ṣe, ojú ni wọ́n fi ń dá sẹ́ẹ̀lì mọ̀. Robert Hooke tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ ní 1665, èèpo igi ló ń wò. Nígbà tó yá, Paul Ehrlich ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀jẹ̀ láró; ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan ń fa aró pupa tó ń jẹ́ eosin, àwọn mìíràn kò fà á, ó sì fi aró sọ wọ́n lórúkọ. Eosinophil ṣì ni wọ́n ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín títí dòní. Cajal ará Spéènì lo aró tí Golgi ará Ítálì ṣe, ó fi ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lóríṣiríṣi, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906 bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbà fún ara wọn lórí ohun tí àwòrán náà ń sọ. Ní 1982, àwọn onímọ̀ pàdé ní Paris láti fi nọ́ńbà sí àwọn purotéènì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni CD4, tí kò sí ẹni tó ti jókòó ní kíliníìkì HIV rí tí kò mọ̀ ọ́n.

Kíka RNA náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n odindi ẹran ara ni wọ́n máa ń rún pọ̀ kà. Ní 2010, Joseph Pickrell, Yoav Gilad àti Jonathan Pritchard ní Yunifásítì Chicago tẹ àbájáde RNA 69 ọmọ Nàìjíríà jáde. Ọmọ Yorùbá Ìbàdàn ni gbogbo wọn, mo sì máa padà sọ bí sẹ́ẹ̀lì wọn ṣe dé Amẹ́ríkà. Iye tí wọ́n kà fún jíìnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ni, láti inú àìmọye sẹ́ẹ̀lì. Bó bá jẹ́ irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n sìn nínú ìgò, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ni, tàbí kókó jẹjẹrẹ, ata tí wọ́n ti lọ̀ ni: ẹ mọ̀ pé ó ta, ẹ kò lè tọ́ka sí èyí tó jẹ́ rodo nínú rẹ̀ mọ́.

Ní 2009, Fuchou Tang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú lábù Azim Surani ní Cambridge ka RNA sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí wọ́n yọ lára ọlẹ̀ eku tí kò tíì ju sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lọ. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni nígbà yẹn, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2015, ìwé ìròyìn Cell gbé iṣẹ́ méjì jáde papọ̀ láti Harvard: Drop-seq ti Evan Macosko àti Steven McCarroll, àti inDrop ti Allon Klein àti Marc Kirschner. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà jọra. Wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù tú ẹran ara ká títí sẹ́ẹ̀lì á fi dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá darí omi tó gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà gba ojú ọ̀nà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Níbi tí omi ti pàdé òróró, á já sí ẹ̀kán kéékèèké. Wọ́n ń rán ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwọn ẹ̀kán yìí, ìlẹ̀kẹ̀ tó kéré bí eruku, tí okùn DNA pọ̀ lára rẹ̀ lọ jàra, tí okùn náà sì ní lẹ́tà àdáni tí kò sí lára ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn. Bí sẹ́ẹ̀lì kan àti ìlẹ̀kẹ̀ kan bá bá ara wọn nínú ẹ̀kán kan, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́, RNA rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, á sì gba àmì ìlẹ̀kẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo kí wọ́n kà á, torí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ti ru àmì ibi tó ti wá. Ọ̀nà yìí ni Macosko fi ka sẹ́ẹ̀lì 44,808 láti awọ ẹ̀yìn ẹyinjú eku, tí wọ́n sì pín in sí agbo 39.

Ohun tó ń jáde nínú gbogbo làálàá yìí kò ju àtẹ nọ́ńbà kan lọ: jíìnì lápá kan, sẹ́ẹ̀lì lápá kejì, iye ẹ̀dà RNA láàárín. Òdo ló sì máa ń kún ibẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jẹ́ òdo. Òdo kan lè túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì kò lo jíìnì yẹn. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń lò ó, ìlẹ̀kẹ̀ ni kò bá a mú, torí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú RNA sẹ́ẹ̀lì ni ìlẹ̀kẹ̀ ń rí gbà. Kò sì sí ibì kankan lórí àtẹ náà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé sẹ́ẹ̀lì báyìí ni ti ẹ̀dọ̀, báyìí ni ti kíndìnrín. Èèyàn ló ń fi orúkọ sí i. Ibi tí èèyàn ti ń fi orúkọ sí i yìí ni ọkàn mi wà, torí pé ìròyìn tó ń jáde lórí iṣẹ́ yìí máa ń sáré kọjá ibẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀rọ ló rí orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì 2,700 láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí ara rẹ̀ le, tí iléeṣẹ́ 10x Genomics gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n sábà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni Seurat, tó wá láti ọwọ́ Rahul Satija àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ ayàwòrán ará Faransé kan pè nítorí pé àmì tó-tò-tó ló fi ń ya àwòrán tirẹ̀. Tàbí Scanpy, tó jáde ní 2018 láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ Fabian Theis ní Jámánì. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Wọ́n á kọ́kọ́ yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti ń kú kúrò. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n ni pé RNA inú mitochondria (ilé agbára sẹ́ẹ̀lì) ló pọ̀ jù nínú wọn: ara sẹ́ẹ̀lì ti ya, ìyókù ti jò dànù. Wọ́n á ṣa bíi 2,000 jíìnì tí iye wọn ń yàtọ̀ jù láti sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi ìṣirò fún un pọ̀, wọ́n á so sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn tó jọ ọ́ jù, wọ́n á wá pín gbogbo wọn sí agbo. Ìṣirò tí wọ́n fi ń pín in, Louvain tàbí Leiden, orúkọ ìlú ni: ọ̀kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀kan ní Netherlands. Nínú ẹ̀kọ́ tí Seurat fi ń kọ́ni, agbo mẹ́sàn-án ló ń jáde, tí kọ̀ǹpútà pè ní 0 títí dé 8.

Ìgbà yẹn ni ìwádìí gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Agbo tí jíìnì CD3D àti CD3E bá ti pọ̀, irú sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jẹ́ T cell ni. MS4A1 àti CD79A: B cell. LYZ àti CD14: monocyte. GNLY àti NKG7: NK cell, tó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. PPBP: platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, díẹ̀ péré sì ni wọ́n nínú àwo. Bí mo ṣe tò ó yìí, ó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé CD4 lòun máa fi wá CD4 T cell á kọsẹ̀, torí RNA CD4 kì í pọ̀ nínú T cell débi tí ẹ̀rọ á fi bá a mú dáadáa, bẹ́ẹ̀ monocyte náà ń ṣe CD4 tirẹ̀. Ohun tí CD4 T cell kò ní ni wọ́n sábà fi ń mọ̀ ọ́n: ó ní CD3, kò ní CD8. Ẹ tún wo NK cell àti CD8 T cell tó ti ja ogun rí. Jíìnì tí wọ́n jọ ń lò pọ̀, NKG7 wà lára àwọn méjèèjì, wọ́n sì máa ń fara kan ara wọn lórí àwòrán débi tí ààlà wọn kì í fi hàn. Jíìnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á wá mélòó kan tó yẹ kó wà, á sì tún wá mélòó kan tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Iye agbo pàápàá, ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló wà. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń yí: ẹ yí i sókè, agbo mẹ́sàn-án lè di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ yí i wálẹ̀, wọ́n á dà pọ̀. Ní ti àwòrán mèremère tó dà bí erékùṣù tó fọ́n káàkiri, tí wọ́n ń pè ní UMAP, tó wà nínú gbogbo ìwé ìwádìí báyìí, èrò tèmi ni pé ohun ọ̀ṣọ́ ló fi ju ẹ̀rí lọ. Ìṣirò tó ń yà á ń gbìyànjú kí àwọn tó súnmọ́ra má jìnnà síra. Kò ṣèlérí pé erékùṣù méjì tó jìnnà síra lórí ìwé jìnnà bẹ́ẹ̀ nínú ara. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀sàn gangan jiyàn lórí àlàfo tó wà láàárín erékùṣù aláwọ̀ ewé àti erékùṣù aláwọ̀ pupa, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn, àwòrán á yí padà.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ náà dé ojú àmì, ó lè yí ohun tó wà nínú ìwé ìṣègùn padà. Àrùn cystic fibrosis, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó, máa ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ki bí àtè. Ní 1989, Lap-Chee Tsui àti John Riordan ní Toronto pẹ̀lú Francis Collins ní Michigan rí jíìnì tó bà jẹ́ nínú àrùn náà, CFTR, tó ń darí bí iyọ̀ ṣe ń wọlé tó ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì. Ó tó bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn tí wọ́n ń rò pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà èémí ló ń lo jíìnì náà jù. Ní oṣù kẹjọ 2018, ẹgbẹ́ oníwádìí méjì tẹ iṣẹ́ jáde papọ̀ nínú Nature: ti Aviv Regev àti Jayaraj Rajagopal, àti ti Allon Klein pẹ̀lú Aron Jaffe. Àwọn méjèèjì ka ọ̀nà èémí eku ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá agbo kékeré kan pàdé tí kò sí nínú ìwé kankan, tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Jíìnì FOXI1 wà nínú wọn. Wọ́n jọ irú sẹ́ẹ̀lì tó ń bójú tó iyọ̀ lára ẹja àti lára awọ ọ̀pọ̀lọ́, ni wọ́n bá fún wọn ní orúkọ tí àwọn yẹn ń jẹ́: ionocyte. Agbo tí kò tó nǹkan yìí ló sì ru èyí tó ju ìdajì lọ nínú gbogbo RNA CFTR tí ẹgbẹ́ Regev kà nínú eku.

Ohun tó mú kí orúkọ náà dúró ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti sọ tirẹ̀. Wọ́n pa aró sí ara ọ̀nà èémí láti fi ojú rí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà níbi tí wọ́n wà. Wọ́n yọ Foxi1 kúrò lára eku, CFTR wálẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì yí padà. Wọ́n fi FOXI1 kún sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ènìyàn nínú lábù, ionocyte pọ̀ sí i, iṣẹ́ CFTR náà sì lọ sókè. Ìyẹn ni mo pè ní ìsọmọlórúkọ. Àríyànjiyàn kò sì tán síbẹ̀: ní 2021, àwọn oníwádìí mìíràn fi hàn pé nínú ọ̀nà èémí ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tu omi àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ CFTR, torí pé bí ionocyte kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ ní CFTR púpọ̀, wọn kò pọ̀. Eku kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò sí láyé rárá. Bí T cell kan àti B cell kan bá bọ́ sínú ẹ̀kán kan náà, àmì kan náà ni RNA wọn á gbà, kọ̀ǹpútà á sì sọ fún yín pé òun ti rí sẹ́ẹ̀lì àrà kan tó ní CD3D àti MS4A1 papọ̀. RNA tó jò láti inú sẹ́ẹ̀lì tó kú máa ń ṣàn wọ ẹ̀kán aláìmọwọ́mẹsẹ̀, ìyẹn ni ẹ ṣe lè rí RNA hemoglobin nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n fi tú ẹran ara ká náà ń dẹ́rù ba sẹ́ẹ̀lì: ní 2017, Susanne van den Brink àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands fi hàn pé agbo kan tó dà bí irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ẹran iṣan eku, ìtúká náà ló dá a sílẹ̀, jíìnì FOS àti JUN tó ń jí nígbà ìnira ló gbòde nínú rẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn. Nígbà tí ètò àgbáyé HapMap ń wá ẹ̀jẹ̀ láti fi mọ bí DNA ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra káàkiri ayé, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Howard nígbà yẹn, ló ṣáájú iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára bàbá, ìyá àti ọmọ wọn tó ti dàgbà, 90 ènìyàn láti inú ìdílé 30, tí gbogbo òbí òbí wọn jẹ́ Yorùbá. Wọ́n sọ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn di èyí tí kì í tán bí wọ́n bá ń sìn ín nínú ìgò, wọ́n sì kó o sí Coriell Institute ní New Jersey, níbi tí lábù tó bá fẹ́ ti lè rà á. YRI ni àmì wọn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ jíìnì kan láyé lónìí tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè tọ́ka sí Mọ́kọ́lá lórí máàpù.

Nínú lábù Gilad ní Chicago, wọ́n yí sẹ́ẹ̀lì àwọn kan lára wọn padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó lè di irú sẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí. Ní 2017, Po-Yuan Tung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ti ènìyàn mẹ́ta, Yorùbá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ka RNA wọn ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè wọn kò ní ariwo: bí sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan bá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn lórí àtẹ, ṣé ènìyàn ló yàtọ̀ ni, àbí ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́? Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan náà, tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì, lè yàtọ̀ sí ara wọn lọ́nà tí ẹni tí kò fura á fi pè wọ́n ní nǹkan méjì. Bí lábù kan bá ka ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Mọ́ńdè, tó sì ka ti ẹni tí ara rẹ̀ le ní Tọ́sìdé, kò ní mọ èyí tó jẹ́ àìsàn àti èyí tó jẹ́ Mọ́ńdè. Mo ka iṣẹ́ náà sí ọ̀kan lára àwọn tó wúlò jù nínú ìmọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí sẹ́ẹ̀lì tuntun kankan.

Sẹ́ẹ̀lì Yorùbá ti ṣe gudugudu méje fún ìmọ̀ yìí, nígbà náà. Àmọ́ nínú ìgò ni. Ní ti ẹran ara gan-an, ẹ̀dọ̀, ọkàn, mùdùnmúdùn, tiwa ṣọ̀wọ́n nínú àwọn àkójọ tí gbogbo ayé fi ń sọ sẹ́ẹ̀lì lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Ó ní í ṣe pẹ̀lú bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lónìí. Àwọn oníwádìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó ti CD79A mọ́. Wọ́n ń lo SingleR, Azimuth tàbí CellTypist: ètò tó máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ tí wọ́n ti sọ lórúkọ tẹ́lẹ̀, kó wá fún tiyín ní orúkọ èyí tó jọ ọ́ jù. Ó yá, ó sì sábà máa ń tọ̀nà lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí kò sí nínú àkójọ náà kò lè rí orúkọ tirẹ̀ gbà. Orúkọ aládùúgbò ni wọ́n á fi pè é. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ètò bẹ́ẹ̀ ni: ara ta lẹ ti kọ́ ọ?

Àkójọ kan tó ń jẹ́ Tabula Sapiens, tó jáde nínú Science ní 2022, ní sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000 láti ẹ̀yà ara 24. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Human Cell Atlas, ètò àgbáyé tí Regev àti Sarah Teichmann dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé London ní oṣù kẹwàá 2016, mọ̀ pé ohun tó kù díẹ̀ káàtó nìyí, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn ará Éṣíà kò dúró: Singapore, Japan, Korea, Thailand àti India para pọ̀, wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan lọ láti ara ènìyàn tó lé ní 600, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n irú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà.

Ẹ̀rí tiwa wà nílẹ̀ pé fífi ara ẹlòmíràn ṣe òṣùwọ̀n lè ṣi ni lọ́nà. Neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní Duffy lára ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti òyìnbó, láìṣàìsàn. Ní ilé ìwòsàn ìlú òyìnbó, wọ́n ti wo irú nọ́ńbà yẹn lára ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú bí àìsàn, wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ dín oògùn wọn kù. Neutrophil yìí kan náà, RNA rẹ̀ kò pọ̀, ara rẹ̀ kò sì gba ìnira, tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ oní-ẹ̀kán, ńṣe ló máa ń pòórá láàárín ọ̀nà. Ẹni tó bá wo àkójọ bẹ́ẹ̀, tó sọ pé neutrophil kò sí nínú ẹran ara báyìí, kò tíì bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tó tọ́.

Síbẹ̀, ibi tí àwọn àkójọ yìí ti wúlò pọ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Kòrónà ní 2020, àwọn onímọ̀ wo inú àkójọ tó wà nílẹ̀ fún ACE2 àti TMPRSS2 tí fáírọ́ọ̀sì náà ń lò láti wọlé, wọ́n sì rí méjèèjì nínú sẹ́ẹ̀lì imú, kí ọdún tó dé ìdajì.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí kò tíì sí ẹni tó yanjú rẹ̀: kí tilẹ̀ ni irú sẹ́ẹ̀lì? T cell tó ń sinmi àti T cell tó ń jà ń lo jíìnì tó yàtọ̀ síra gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń di èkejì. Ṣé irú méjì ni wọ́n, àbí irú kan ní ipò méjì? Ní oṣù kejìlá 2023, Allen Institute ní Seattle àti àwọn alájọṣiṣẹ́ wọn tẹ máàpù odindi ọpọlọ eku jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì bíi mílíọ̀nù mẹ́rin. Agbo 5,322 ni wọ́n kà. Àwọn fúnra wọn tò ó ní ìpele: ẹgbẹ́ ńlá 34, kékeré 338, kó tó kan àwọn tó kù. N kò rò pé ẹnikẹ́ni gbà pé ọpọlọ eku ní irú sẹ́ẹ̀lì 5,322 gẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lórí àtẹ, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn náà ti dá sí i. Ní 2024, Wenpin Hou àti Zhicheng Ji fi hàn nínú Nature Methods pé bí wọ́n bá to jíìnì ìdánimọ̀ agbo kan fún GPT-4, orúkọ tó ń dá padà sábà máa ń bá ti àwọn onímọ̀ mu. Kò yà mí lẹ́nu. Inú ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ ló ti kọ́ ọ, àṣìṣe tó wà nínú ìwé wọn á sì bá a wọlé. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an ní kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lò ó.

Sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Ìlọrin: sẹ́ẹ̀lì 2,700 tí mo mẹ́nu bà lókè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, laptop lásán sì gbé e láìsí wàhálà. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ fúnra yín kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ètò kankan bá yín sọ ọ́. Sí ẹ̀yin ọ̀gá wọn ní ilé ìwòsàn ńlá: Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní síkùsẹ́ẹ̀lì jù lọ láyé, kò sì sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti ka mùdùnmúdùn egungun wọn ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ju ọ̀dọ̀ tiwa lọ. Bí ilé ìwádìí òkè òkun bá wá tọrọ ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i pé àtẹ nọ́ńbà náà á padà wálé, àti pé àwọn ọmọ yín á wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi orúkọ sí i.